Ọ̀bẹ Tí A Fi Ń Gé Fídíò Bọ́ọ̀lù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Thamesmead, nígbà tí atẹ́gùn tí ń ti ojú odò Thames bọ̀ bá ń fẹ́ láìdúró lórí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ àbàtà rí, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lẹ́bàá pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù kò ní ṣàì rí àwọn bàbá àti ìyá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun, tí wọ́n na fóònù síwájú bí ẹni tí ń fi àtùpà wá ọ̀nà lóru, tí wọn kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn. Ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni pé, nínú gbogbo àkókò tí ọmọ náà fi sáré sókè sódò, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lè wà níbẹ̀ tí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù yóò rí, tí yóò sì fi béèrè orúkọ ọmọ náà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ̀nyí, bí a bá yọ wọ́n jáde tí a sì tò wọ́n pọ̀, ni à ń pè ní háíláìtì. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń dá mi dúró, ní ọjà Beresford Square ní Woolwich, nínú bọ́ọ̀sì 472, àti lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, sọ́fítíwià wo ni kí n fi ṣe háíláìtì ọmọ mi?” Ìbéèrè tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá lọ bá alágbẹ̀dẹ pé kí ó rọ ọ̀bẹ fún òun, tí kò sì sọ bóyá iṣu ni òun fẹ́ fi bó, tàbí màlúù ni òun fẹ́ fi kun. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ àlàyé yìí, kí ẹni tí ó bá kà á lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ kí ó tó bi ẹlòmíràn.

Ìlú tí à ń gbé yìí kì í ṣe àjèjì sí bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1886 ni àwọn òṣìṣẹ́ inú Royal Arsenal, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ ìbọn àti ọta ní Woolwich, dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Dial Square nítorí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n sọdá odò lọ sí Isle of Dogs láti gbá ìdíje wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì fi góòlù 6 sí òdo na Eastern Wanderers. Ẹgbẹ́ náà ni ó di Royal Arsenal, tí ó tún di Woolwich Arsenal, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Manor Ground ní Plumstead títí di ọdún 1913 tí ó fi kó lọ sí Highbury ní àríwá London, tí gbogbo ayé sì mọ̀ sí Arsenal lónìí. Báwo ni a ṣe gbá góòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọjọ́ náà wọlé? Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀. Ìròyìn ni ó kù, ìròyìn kò sì tó àfojúbà.

Ọmọ Woolwich gan-an ni Ian Wright, tí a bí ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjìlélógún kí Crystal Palace tó rí i mú ní ọdún 1985, láti inú ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Greenwich Borough; nítorí pé láyé ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí etí pápá láti wo ọmọ kan, ẹ̀bùn ọmọ náà lè kú sí i lẹ́sẹ̀. Góòlù 185 ni ọkùnrin yìí padà gbá sáwọ̀n fún Arsenal, ẹgbẹ́ tí ó ti ṣí kúrò ní ìlú ìbí rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún kí a tó bí i. Ní ti gígé bọ́ọ̀lù kúrú kí adùn rẹ̀ má sì dín, ètò Match of the Day ti BBC ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń wò nínú ilé, láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1964 tí wọ́n fi ìdíje tí Liverpool ti fi góòlù 3 sí 2 na Arsenal ní Anfield bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan nígbà náà ni irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò ọmọ ọdún mẹ́tàlá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Adémọ́lá Lookman, ọmọ wa tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Waterloo ní gúúsù London kí Charlton Athletic, tí pápá rẹ̀ kò ju ibùdókọ̀ ojú irin méjì lọ sí Woolwich Arsenal, tó gbà á sọ́dọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, ó gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League, ní ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú 75. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni ìdíje náà gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ibi tí góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọlé sọ́tọ̀, tí a sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tí ó bá sì rí kìkì ìyẹn ti mọ irú agbábọ́ọ̀lù tí ó ń wò.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun fún ọmọ Yorùbá. Nígbà tí apohùn bá ń ki Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, kì í ka iye ọjọ́ tí ó fi jókòó nílé jẹun. Ìṣe tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn jagunjagun ni yóò mú, yóò pe orúkọ rẹ̀ kí ojú ogunlọ́gọ̀ lè mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò sọ ìṣe náà ní gbólóhùn tí kò gùn, yóò sì bọ́ sí òmíràn kí etí olùgbọ́ tó kún. Oríkì ni háíláìtì. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ sọ́fítíwià kò pọ̀ bí àwọn tí ń polówó rẹ̀ ti ń wí: kí ó lè gé ègé kan kúrò lára òmíràn láì ba àwòrán jẹ́, kí ó lè dá àwòrán dúró kí a fi àmì hàn pé ọmọ yìí ni, kí ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní mímọ́ tónítóní, láì lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Èyí tí ó bá ṣe mẹ́ta yìí lórí ẹ̀rọ tí ó wà nílé rẹ ti tó ọ lò. Èyí tí kò bá lè ṣe wọ́n, bí ó tilẹ̀ lè mú kí iná máa tàn yanranyanran lẹ́yìn ọmọ náà, kò wúlò.

Ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ èyí. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì, fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí akádẹ́mì kan, mo gbé sọ́fítíwià tí àwọn oníṣẹ́ sinimá ń lò sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 4GB lọ. Odidi alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jìjàkadì. Ẹ̀rọ náà gbóná bí ààrò, àwòrán ń dúró gbagidi, ó ń fò, ó tún ń dúró, títí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní òru kẹta, tí gbogbo ohun tí n kò tíì fi pamọ́ sì ṣègbé. Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí àkókò tí wọ́n dá pé, mo sáré gba áàpù ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù, mo sì parí iṣẹ́ náà láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e jáde, orúkọ áàpù náà ni ó nà gbalaja sójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì bo ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí ó ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbá a sáwọ̀n. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tí ó ń kùsà sí erin, yóò tẹ́ níwájú eèrà. Ọmọ náà kò bá mi wí, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí.

Kí a tó mú ọ̀bẹ, ó yẹ kí a wo ẹran. Fóònù púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ọgbọ̀n àwòrán, tí à ń pè ní fírémù, ni ó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí a kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ kí ìṣípòpadà ọmọ náà falẹ̀ dé ìdajì kí olùwòran lè rí bí ó ṣe yí ẹsẹ̀ padà, ọgbọ̀n fírémù yẹn yóò di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sọ́fítíwià yóò sì ní láti tún ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán yóò wá máa ta gìrì bí kẹ̀kẹ́ tí ó wọ kòtò. Tàbí kí ó máa ronú kan àwọn àwòrán tí kámẹ́rà kò yà, tí ẹsẹ̀ ènìyàn yóò sì máa yọ́ pọ̀ mọ́ koríko. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ọgọ́ta ya á láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ ọgbọ̀n, yóò sì máa yọ̀ lọ bí omi. Mo ti rí òbí tí ó ń pààrọ̀ sọ́fítíwià kiri nítorí àìsàn yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ètò kámẹ́rà ni oògùn rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, èyí tí ó kan àwa tí à ń gbé ní ilẹ̀ yìí gan-an, nítorí pé láti oṣù Kọkànlá ni ilẹ̀ ti ń ṣú kí àwọn ọmọ tó ti ilé-ìwé dé, tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ iná orí òpó. Iná mànàmáná ilẹ̀ Britain ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn iná mìíràn sì ń ṣẹ́jú tẹ̀lé e ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ń ya ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta lè rí i, fídíò náà yóò sì máa dúdú, yóò máa mọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣí ilẹ̀kùn tí ó ń tì í. Bí fóònù bá gbà kí a fi 25 tàbí 50 yà á, òun ni kí a lò ní alẹ́. Ní ti ìwọ̀n fáìlì, iye tí Apple fúnra rẹ̀ kọ sórí àwọn iPhone kan ni pé ìṣẹ́jú kan ní 1080p pẹ̀lú ọgọ́ta fírémù ń gba nǹkan bí 90MB, ti 4K, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù ú lọ, pẹ̀lú ọgọ́ta sì ń gba 400MB. Ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 80 ìṣẹ́jú: èyí já sí 7,200MB tàbí 32,000MB fún ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo mú 1080p, mo sì dúró ti ìpinnu mi.

Iṣẹ́ tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ sọ́fítíwià rárá. Ìwé àti kálàmù ni a fi ń ṣe é: kí a jókòó wo ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a sì wá yọ àwọn wọ̀nyí nìkan jáde, bí obìnrin ti ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà bàbà. Ẹnìkan ní Norway, Mikael Finstad, ṣe sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ LosslessCut fún irú iṣẹ́ fífẹ́ yìí. Kò tún àwòrán sè. Ó kàn ń já a níbi tí a bá ní kí ó já a, nítorí náà ó ń yára lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó, àwòrán kò sì rẹ̀yìn bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ohun kan tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í já gẹ́lẹ́ níbi tí a fẹ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kí a fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sílẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ogún ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré: ẹrù 7,200MB ti di 450MB, láptọ́ọ̀pù tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárọ̀ lè gbé e wàyí.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ tí ó wà nílé ni kí ó yan sọ́fítíwià, kì í ṣe òkìkí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ní iPhone tàbí Mac ní iMovie lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì lẹ àmì kankan mọ́ fídíò. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni ó gbà kí a gbé lé àwòrán lórí lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní ohun tí a fi ń fa òrùka yí ènìyàn ká. Ẹni tí Windows 11 wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ní Clipchamp ti Microsoft níbẹ̀, tí ó ń gbé fídíò jáde ní 1080p láìgba kọ́bọ̀ àti láìsí àmì. Windows Movie Maker tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láyé àtijọ́ ti kógbá sílé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017; ẹni tí ó bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí tí wọ́n ní kí ó sanwó kí ó sá fún un, ayédèrú ni.

Àwọn ọmọ fúnra wọn yóò ní CapCut ni àwọn fẹ́, èyí tí ó jẹ́ ti ByteDance, àwọn tí ó ni TikTok. Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì rọrùn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó sanwó, ọmọdé a sì máa lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, títí yóò fi di ìgbà tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde tí owó yóò sì dí i lọ́nà. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ó ń dẹ ọmọ wò láti fi ìmọ́lẹ̀ tí ń bù yẹ̀rì, àwòrán tí ń mì tìtì, àti fídíò tí ó dúró ní òòró bo eré tí a gbá lórí pápá tí ó fẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń wá agbábọ́ọ̀lù fẹ́ rí ibi tí àwọn mẹ́wàá yòókù wà nígbà tí ọmọ rẹ fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù. Bí a bá gé ìyẹn kúrò, kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni ọmọ náà lò tàbí oríire.

Fún láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára, ibi tí ọkàn mi dúró sí ni Shotcut àti Kdenlive. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì fi ọ̀fẹ́ wọn dẹ pàkúté sílẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn lé gbogbo ayé lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe wọ́n, ti Kdenlive ti wà láti ọdún 2002, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Wọ́n lè ṣe ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ kan láti inú fídíò tí ó wúwo, kí a máa fi ẹ̀dà yìí ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ má baà dákú, kí ó sì jẹ́ ojúlówó ni yóò padà wá nígbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Oore mìíràn tí Shotcut ṣe fún mi ni pé ó kìlọ̀ fún mi nípa fídíò inú fóònù. Fóònù kì í ya fírémù rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń yára, ó ń falẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a fi ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Shotcut a máa dá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mọ̀, a sì bi wá bóyá kí òun tún un ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan àjànàkú. DaVinci Resolve bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ olówó iyebíye tí àwọn oníṣẹ́ sinimá fi ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe. Ní ọdún 2009 ni Blackmagic Design ti ilẹ̀ Ọsirélíà ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, tí wọ́n sì wá sọ apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀fẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀tàn: ó lè gbé 4K jáde pẹ̀lú ọgọ́ta fírémù, ó lè fi òrùka tẹ̀lé ọmọ kan bí ó ti ń sáré láàárín èrò, kò sì lẹ àmì àfi bí a bá fọwọ́ kan ohun tí ó jẹ́ ti Studio, èyí tí à ń san dọ́là 295 fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lórí Windows, 16GB mẹ́mọ́rì ni àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn béèrè fún, pẹ̀lú káàdì àwòrán tí ó lágbára. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní ọmọ tí iṣẹ́ fídíò fúnra rẹ̀ wù bí bọ́ọ̀lù ti wù ú, kí ó gbé e fún un láìbẹ̀rù, nítorí pé iṣẹ́ tí ń bọ́ ènìyàn ni ó ń fi lé e lọ́wọ́. Premiere ti Adobe dára, ṣùgbọ́n láti ọdún 2013 ni Adobe ti pinnu pé sísan lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni ọ̀nà tí a ó máa gbà lò ó. Final Cut Pro dára pẹ̀lú, ti ẹ̀rọ Apple nìkan sì ni. N kò rí ìdí tí òbí yóò fi máa san owó bẹ́ẹ̀ nítorí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nípa fífi àmì hàn, èyí tí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀nà kan wà tí gbogbo sọ́fítíwià tí mo ti dárúkọ, yàtọ̀ sí LosslessCut, lè gbà. Kí ìṣe náà tó bẹ̀rẹ̀, kí a ya fọ́tò ojú fídíò náà, kí a fi ìka tàbí kálàmù inú fóònù fa òrùka yí ọmọ náà ká, kí a fi fọ́tò yìí síwájú ègé náà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojú ibẹ̀ gan-an. Olùwòran yóò rí i bí ìgbà tí ayé dúró, tí a pe orúkọ ẹnìkan, tí ayé sì tún ń lọ. Bí ó bá jẹ́ iMovie ni, kí a rántí pé ó máa ń mú fọ́tò rìn díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí a pa èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán yóò fò níbi tí fọ́tò ti pàdé fídíò. Kí òrùka náà jẹ́ àwọ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èyí tí ó dára jù ni kí ó ṣáájú, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣèlérí fún wa pé òun yóò wo ìkejì. Mo mọ òbí tí ó fi orúkọ ọmọ, fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orin gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá kí bọ́ọ̀lù tó hàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ojú ìwé kan tí orúkọ, ọdún ìbí, ipò lórí pápá àti ẹsẹ̀ tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó. Ní ti orin, èmi kì í fi sí i. Orin tí ó ní olúwa lè mú kí YouTube dí fídíò náà tàbí kí ó pa ohùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìró pápá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí a lè gbọ́ ọmọ tí ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ń sọ fún wọn pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí atẹ́gùn Thamesmead bá ti bo gbogbo rẹ̀, kí a rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn yòókù tí ó wà nínú àwòrán, kí a má gbàgbé. Ẹgbẹ́ tí ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ England, ìyẹn FA, ní ìlànà lórí yíya fọ́tò àti fídíò àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ kóòṣì kí a tó na fóònù síwájú. Kí a má kọ orúkọ ilé-ìwé tàbí àdúgbò ọmọ náà sínú fídíò. Bí a bá sì gbé e sórí YouTube, kí a yàn án ní “unlisted”, kí ó lè jẹ́ pé kìkì ẹni tí ìlà àdírẹ́sì rẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò rí i.

Ibì kan ṣì kù tí kò sí sọ́fítíwià tí ó lè ràn wá lọ́wọ́, ìyẹn ni mímọ ègé tí ó yẹ kí ó dúró àti èyí tí ó yẹ kí ó lọ. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òbí tí ó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní gbogbo oṣù Kìn-ín-ní kò lè ṣàì rí ẹwà nínú gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Láti ọdún tí ó kọjá ni mo ti fi Kdenlive lé ọmọ àbúrò mi náà lọ́wọ́, tí mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Ó ń fi ìwé àjákọ kan kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sì ń wo àṣìṣe ara rẹ̀ ju bí kóòṣì rẹ̀ ti ń wò ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó yọ góòlù kan ṣoṣo tí ó gbá ní gbogbo sáà náà kúrò nínú háíláìtì rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n màmá mi, bọ́ọ̀lù yẹn kàn ta lù mí lẹ́sẹ̀ ni,” ó sì fi ibi tí ó ti sáré padà láti àárín pápá lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ku òun àti aṣọ́lé nìkan rọ́pò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, pẹ̀lú òrùka ofeefee kan ní ìbẹ̀rẹ̀.